Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá àwọn ọmọ tógun lé wá ṣeré rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìdènà (Kétu)
Ẹ kú alẹ́ o. Iṣẹ́ tíṣà ti gbé mi dé Alibori lókè lọ́hùn-ún, ní àríwá Benin, àwọn ọmọ tó sá wá láti Burkina wà ní kíláàsì mi. Bí ilẹ̀kùn bá gbá báyìí, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń sá sí. Ẹnì kan ní kí n máa fi ìlù àti àwòrán kó wọn jọ. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ṣá?

Ìyá Ìbejì Sábẹ̀
Àwòrán ò kún ikùn o. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn lóúnjẹ ná.

Káfíńtà àtijọ́
Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. 2005, lẹ́yìn ìbò Tógò, àwọn èèyàn ń wọ́ wá sí Benin, àgọ́ kan wà ní Comé, òmíràn ní Agamé lẹ́bàá Lokossa. Agamé ni mo ti lọ kan pákó. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, bí ọdún méjìlá, kò sí ọjọ́ tí kì í jà nídìí omi, tó bá ti rí ẹni tó já láìnì ìjà dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo gé bídọ́ọ̀nù kpayo, epo fàyàwọ́ nì, tó ti bẹ́ láti fi bomi, ó mú èyí tó kù, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ojú. Mo rántí ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa nì, Romuald Hazoumè, tó ń fi bídọ́ọ̀nù ṣe ìbòjú, ni mo bá bá a ti ọ̀bẹ bọná. Ẹnu bídọ́ọ̀nù náà ló di ẹnu, ibi ìmúlọ́wọ́ di imú. Ó fi òkúta ha etí rẹ̀ kó má baà gé e lẹ́rẹ̀kẹ́.

Bó ṣe gbé e wọ̀ báyìí, èébú dé! Ó fi èdè Mina bú ẹni tó ń wọn ìrẹsì, ó bú èmi gan-an, ó ní "bàbá tí ń kan ìṣó sínú oorun wa". Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì àwọn ọmọ mẹ́wàá kó bídọ́ọ̀nù dé. Nígbà tó yá ó ṣe bíi ṣọ́jà tó wọlé wọn, ẹ̀rín dákẹ́, ìyá ẹ̀ dìde ó lọ. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, iwájú ni ìyá náà jókòó sí. Ọmọ yẹn ṣì ń jà o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́ mọ́.

Aríran
Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, ti òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Bojú, kó o sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú, kẹ́nikẹ́ni má lè mú ọ.

Kálẹ́tà Àjàṣẹ́
Ẹ̀fẹ̀ kẹ̀? Kálẹ́tà ni. Ọmọdé, ìbòjú, ariwo. Ẹ̀yin ará Kétu, gbogbo nǹkan ni tiyín.

Aríran
Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. UNESCO gan-an mọ̀ láti 2001.

Kálẹ́tà Àjàṣẹ́
Ta ló pe UNESCO sọ́rọ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì kan
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn kan wá sọ́dọ̀ wa, ONG, àjọ aláàánú, ni wọ́n pe ara wọn, wọ́n kó pẹ́ńsùlù dé, wọ́n ní "ẹ ya ilé yín tó jó". Wọ́n ya fótò, wọ́n kó àwòrán lọ kílẹ̀ tó ṣú, a ò rí wọn mọ́. Ọmọbìnrin kan ò sùn fún òru méjì, èmi ni mo jókòó tì í. Tíṣà, má ní kí wọ́n ya nǹkan tójú wọn rí, àfi tí wọ́n bá fẹ́ fúnra wọn. Jẹ́ kí wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn relé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá, ẹ má yẹ̀ ẹ́, torí ohun gbogbo ló ti yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tí ò bá sì sùn rárá, mú un lọ sọ́sípítù, ìlù kọ́.

Ìyá Ìbejì Sábẹ̀
Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n kí àlejò máa wọ ìbòjú wa…

Ọmọ ọmọ Ẹrú Àgbómẹ̀
Àlejò wo? 1886 tí Glele ọba Dàhòmì fọ́ Kétu, tó kó àwọn bàbá wa lọ sí Àgbómẹ̀, kí ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀? 1894 ni wọ́n tó padà wá tún ìlú kọ́. Àwọn tó mú orin dání ló jẹ́ ká ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tẹ́ ẹ ń jà lé yìí.

Ìyá Ìbejì Sábẹ̀
Ó dáa, mo ti gbọ́. Oúnjẹ náà ṣì ńkọ́?

Ọmọ Ìdènà (Kétu)
😂 A máa ń jẹun nílé ìwé, Mà. Káfíńtà, bídọ́ọ̀nù pọ̀ níbí bíi yanrìn, òórùn rẹ̀ ńkọ́?

Káfíńtà àtijọ́
Ọṣẹ àti yanrìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sá sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Má gbé ọ̀bẹ gbígbóná sún mọ́ ọn kó tó gbẹ, ọwọ́ tìẹ ni kó o fi gé e, kì í ṣe tọmọdé.

Kálẹ́tà Àjàṣẹ́
Kálẹ́tà ni mo ṣì sọ.