Irin tí mo hú lóko níjọ́sí: wọ́n ti sọ ohun tó jẹ́ o

Ẹ̀yin tèmi, mo ní n padà wá sọ ibi tọ́rọ̀ já sí. Irin pẹlẹbẹ tí mo fi mẹ́tà dítẹ́kítọ̀ (ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀) hú lóko ní Kent, ní England, tí mo ń pariwo pé ọwọ́ síbí ni 😂, mo gbé e fún òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ táráàlú bá rí, màmá yẹn kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ló ní irin ìdí bẹ́líìtì ni, èyí tí wọ́n ń fi sí ẹnu ibi tí awọ bẹ́líìtì parí sí, nǹkan bí ọdún 1350 sí 1450. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló wù mí jù, idẹ àárín ẹ̀ là sí méjì bíi fọ́ọ̀kì, wọ́n wá fi òjé lẹ idẹ pẹlẹbẹ mọ́ ọn níwájú lẹ́yìn, awọ bẹ́líìtì á wọ àlàfo àárín yẹn, kókó ìsàlẹ̀ tí mo tiẹ̀ fẹ́ ha dànù pé ìdọ̀tí ni, àṣé èso igi oak ni wọ́n fi ṣe àwòrán ẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé mo ti dolówó, rárá o, idẹ ni, ẹyọ kan ṣoṣo, Treasure Act 1996, òfin wọn lórí ìṣúra téèyàn bá rí, ò ka irú ẹ̀ sí ìṣúra. Baba olóko ní kí n máa mú un lọ. Ó wà nínú páálí lórí tábìlì mi báyìí.