Isle Royale: owó tí aráàlú ń dá sórí ìwádìí ìkookò, kí ni wọ́n ń fi í ṣe gan-an?

Àjàó_Minnesota

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ erékùṣù Isle Royale, tó wà láàárín adágún Superior ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni mo bá wá. Láti 1958 ni wọ́n ti ń ṣọ́ ìkookò àti moose níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ moose, ẹran gàgàrà ẹbí àgbọ̀nrín ni, akọ rẹ̀ máa ń tó 400 kg. Wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n tún ń pe èèyàn kó wá ṣa eegun nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀hún náà ló sì máa sanwó lé e.

Bí kọ́là tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ bá ti wà lọ́rùn ìkookò, kí ni wọ́n tún ń fi bàálù wá kiri nínú òtútù? Kí ni eegun ògbólógbòó fẹ́ sọ? Àti pé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé, ṣé ìjọba àti yunifásítì kò lè dá a gbé ni? Mo fẹ́ máa fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, mo kàn fẹ́ mọ ibi tó ń wọlé sí.

Ọdẹ_Aláìníbọn

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ jẹ́ n mú ti bàálù, àwọn tó mọ eegun á dá yín lóhùn.

Kọ́là ń sọ ibi tí ìkookò kan wà. Kò sọ iye tó bá a rìn, kò sọ bóyá abo bímọ tí ọmọ náà sì là á já, kò sọ ẹran tí wọ́n pa. Títí di 1988, ìkookò Isle Royale kankan kò ní kọ́là lọ́rùn, síbẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń kà wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Láti àárín oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, àwọn olùwádìí nìkan ló máa ń wà ní erékùṣù náà, torí ọgbà ìjọba ni, wọ́n sì ń tì í pa láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Bàálù kékeré ni, awakọ̀ níwájú, olùwòye lẹ́yìn, ski, ìyẹn pátákó gígùn pẹlẹbẹ, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dípò táyà kó lè balẹ̀ sórí omi dídì. Àsìkò yẹn ewé ti wọ́, yìnyín ti bo ilẹ̀, ipasẹ̀ hàn gbangba. Wọ́n á tọ ipasẹ̀ náà láti òkè títí wọ́n á fi bá agbo. Ibi tí àwọn tí kò tíì mojú iṣẹ́ ti máa ń ṣìṣe rèé: ìkookò máa ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ara wọn nígbà tí yìnyín bá jin, márùn-ún lè fi ipasẹ̀ ẹyọ kan sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti túká, tàbí tí wọ́n ń sọdá omi dídì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ti ń kà wọ́n, wọ́n á sì tún padà kà wọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé agbo tí wọ́n rí ní ìlà-oòrùn láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n tún rí ní ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́. Níbi tí ìkookò bá ti pa moose, wọ́n á balẹ̀ nítòsí nígbà tí agbo bá ti kúrò, wọ́n á rin ìyókù, wọ́n á ṣa imí fún DNA.

Moose kò ṣeé kà tán bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ya 91 ojú ilẹ̀ sọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 km², wọ́n á máa fi bàálù yí po lórí rẹ̀. Èyí tó bá sá sábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ kò ní hàn, nítorí náà wọ́n á ṣírò iye tí ojú kò rí mọ́ ọn. 2,060 ló jáde ní 2019. Nígbà tí ìkookò ti pọ̀ padà, ó di 967 ní 2023 àti 840 ní 2024.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́? Ojú ọjọ́. Ní 2024, ooru mú kí omi dídì fẹ́lẹ́, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí àkókò tó pé, torí bàálù kò níbi balẹ̀. Ní 2021, Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n lọ rárá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Epo bàálù, owó awakọ̀, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méje: ẹ ò lè san ìdajì wọn kí ẹ sì gba ìdajì kíkà.

Baba_Eegun

Ó kù díẹ̀ kí àbúrò mi tó wà lókè yìí mú gbogbo rẹ̀ tán. Eegun ni tèmi.

Moosewatch ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Àwùjọ kékeré ni, ó ní aṣíwájú tó mọ igbó, oúnjẹ àti àgọ́ wà lẹ́yìn oníkálukú, wọn kì í sì í tọ ojú ọ̀nà. Wọ́n á to ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì máa rí ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n á wá rìn já igbó. Kì í ṣe odindi òkú ẹran lèèyàn ń wá. Egungun ìhà kan, ìṣù irun, tàbí ewéko tó dédé tutù yọ̀yọ̀ níbì kan ló máa ń tú àṣírí. Ẹni tó bá rí i á pariwo, gbogbo wọn á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á máa yí po láti àárín jáde síta, torí ìkookò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fa àwọn kan lọ jìnnà, ewéko tútù sì ti bo àwọn mìíràn mọ́lẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń kó bọ̀: agbárí, àgbọ̀n ìsàlẹ̀, egungun gígùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà lókè pátákò, àti egungun ìbàdí tàbí ti ọ̀pá ẹ̀yìn tó bá ní àmì àìsàn. Wọ́n á so nọ́ńbà kan náà mọ́ gbogbo wọn, wọ́n á kọ GPS ibẹ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù ni kí eegun moose méjì dà pọ̀, pàápàá ibi tí ìyá àti ọmọ bá kú sí. Bí ẹ bá rí àgbọ̀n òsì méjì, ẹ dúró, ẹ má tíì so nǹkan kan. Ẹ tún rántí pé òfin ọgbà ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú eegun kúrò níbẹ̀ lásán. Àṣẹ iṣẹ́ ìwádìí ló fún àwùjọ yìí láyè.

Nílé iṣẹ́, wọ́n á fi ayùn gé eyín, wọ́n á ka àwọn ìlà inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ti ìtí igi, ọdún ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Àgbọ̀n á fi hàn bóyá eyín ti jẹrà dé egungun. Ìbàdí á fi hàn bóyá oríkèé ti bàjẹ́. Èyí tí wọ́n bá bá lójú ẹsẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n á fọ́ egungun itan rẹ̀ wo mùdùnmúdùn: bó bá funfun tó sì le, ẹran náà jẹun kánú, bó bá pọ́n tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ebi ti ń pa á lọ kí ìkookò tó dé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ àti arúgbó ni ìkookò ń pa jù, alágbára kì í sábà bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ náà ni Rolf Peterson, olùwádìí Isle Royale, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 2010 pé moose tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ìyẹn èyí tí kò rí oúnjẹ tó nínú oyún àti ní kékeré, ni oríkèé rẹ̀ sábà máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ebi tó pa ọmọ moose ní 1985 lè má hàn lára egungun ẹni tó kú títí di 1998. Owó ìwádìí tí ìjọba ń fúnni sábà máa ń jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á sì béèrè ohun tuntun tí ẹ fẹ́ ṣe kí wọ́n tó tún un fún yín. "A fẹ́ ṣa eegun bí a ṣe ṣà á lọ́dún tó kọjá" kì í ṣe ohun tuntun lójú wọn. Àlàfo yẹn ni owó aráàlú ń dí. Ìjọba ń sanwó, yunifásítì Michigan Tech ń gba iṣẹ́ náà sílé, àmọ́ wọn kò lè ṣe é ní ọdọọdún láìsí àfikún.

Àjàó_Minnesota

Ẹ ṣeun gan-an, Baba. Ó ti yé mi. Kọ́là wá ńkọ́? Mo rí i pé ní Yellowstone, ọgbà ìjọba mìíràn tí ìkookò wà, èèyàn lè gbówó kalẹ̀ fún kọ́là kan. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń dé ọrùn ìkookò?

Ìyá_Kọ́là

Ó ń dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ owó kọ́là gan-an kéré sí owó tí wọ́n fi ń gbé e dé ọrùn ìkookò. Yellowstone Forever ló ń gba owó náà, òun ni ẹgbẹ́ tó ń ran ọgbà yẹn lọ́wọ́.

Ìkookò 14 ni wọ́n kó wọ Yellowstone láti Alberta ní 1995, 17 tún tẹ̀ lé e láti British Columbia ní 1996. Láti fi kọ́là sí ìkookò lọ́rùn, nígbà òtútù ni wọ́n ń fi hẹlikópítà lé wọn. Ẹni tó ń yìnbọn á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á yin abẹ́rẹ́ oògùn oorun Telazol sí itan tàbí ìdí. Ìwọ̀n oògùn náà jẹ́ nǹkan bí 10 mg fún kg kan, ìkookò àgbà sì lè tó 45 kg. Wọn kì í lé e pẹ́, torí eré àsápajúdé ń mú ara rẹ̀ gbóná. Bó bá ti sùn, wọ́n á bo ojú rẹ̀, wọ́n á fi òróró kùn ún torí kì í ṣẹ́jú mọ́, wọ́n á máa wo ìgbóná ara léraléra. 38 sí 39°C dára. Bó bá ti ń sún mọ́ 41, yìnyín lábẹ́ itan àti nídìí ikùn ló kàn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àti irun, wọ́n á wo eyín, wọ́n á wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó dì í ní kọ́là. Kọ́là tó fún jù á ha á lọ́rùn, èyí tó tú jù á jẹ́ kó ki ẹsẹ̀ iwájú bọ̀ ọ́. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dàgbà tán, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún un.

Irú kọ́là méjì ló wà. Ti rédíò lásán, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ gbé áńtẹ́nà jáde lọ wá a. Ti GPS ń sọ ibi tó wà fúnra rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìgbà tó bá ń wá ibi tó wà ló ń jẹ iná. Bí kọ́là bá dúró sójú kan fún wákàtí mélòó kan, ohùn rẹ̀ á yára kánkán: ìkookò ti kú nìyẹn, tàbí kọ́là ti já. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó kíákíá kí wọ́n tó lè mọ ohun tó pa á.

Ẹ má retí orúkọ o. Nọ́ńbà àti lẹ́tà akọ tàbí abo ni wọ́n ń fún un, bí 21M. Ẹ sì mọ̀ pé ìkookò tí ẹ sanwó kọ́là rẹ̀ lè jáde kọjá ààlà ọgbà, kí ọdẹ yìnbọn pa á, òfin gbà á láyè níbẹ̀. Ní àsìkò ọdẹ 2021 sí 2022, 25 nínú ìkookò Yellowstone ló kú bẹ́ẹ̀. Data ọdún mélòó kan lè lọ lọ́jọ́ kan. Nínú ọ̀rọ̀ owó ṣá, ìṣirò tí wọ́n ṣe ní 2005 sọ pé àwọn tó ń wá wo ìkookò ń ná nǹkan bí $35 mílíọ̀nù lọ́dún ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó yí ọgbà náà ká. Ilé ìtura àti ilé epo ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń kà ìkookò.

Akọ̀wé_Ìgbèríko

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di owó nìkan. Ohun tó dá ìkookò padà sí Isle Royale kì í ṣe owó nìkan.

Ní 1980, 50 ìkookò ló wà níbẹ̀. Ní 1982, ó ku 14: àrùn parvo tí ajá ènìyàn gbé wọlé ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè mú ajá dé erékùṣù náà. Lẹ́yìn náà ẹbí ń gun ẹbí, egungun ẹ̀yìn wọn ń dàgbà sódì, omi adágún kò fi bẹ́ẹ̀ dì mọ́ kí ìkookò tuntun lè rìn wọlé. Ní 2016 méjì péré ló kù. Ìgbà yẹn ni àjọ ọgbà ìjọba gbé ìwé àbá síta, aráàlú sì ní àkókò láti fèsì kí wọ́n tó pinnu ní 2018. Láàárín 2018 sí 2019 wọ́n kó 19 wọlé láti Minnesota, Michigan àti Ontario. Ọ̀kan nínú wọn, abo kan, gba orí omi dídì rìn padà lọ sí ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì adágún ní oṣù kìíní 2019. Nígbà tó di 2024, 30 ni wọ́n kà.

Bí irú ìwé àbá bẹ́ẹ̀ bá tún jáde, kì í ṣe ìdìbò o. Ẹgbẹ̀rún lẹ́tà tí ẹ̀dà wọn jẹ́ bákan náà, kókó kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ á kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ojú ìwé kan pàtó, ẹ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀rí sí i. Nígbà ti 2018, irú èyí ni òfin ní kí wọ́n dáhùn.

Ní ti owó, kí ẹ tó fi kárádì yín sílẹ̀: ṣé àpò ìwádìí yẹn gan-an ni ó ń wọ̀ tàbí àpò gbogbogbòò ẹgbẹ́? Èló ni yunifásítì ń yọ lórí rẹ̀? Ṣé wọ́n ń tẹ ìròyìn ọdọọdún jáde fún gbogbo èèyàn? Isle Royale ń ṣe é. "Gba ìkookò ṣọmọ" tó ń bá bèbí onírun rìn, mi ò kọ̀ ọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìkookò kan pàtó, bèbí náà sì lówó lórí.

Ọdẹ_Aláìníbọn

Mo fara mọ́ ti ìròyìn ọdọọdún. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Àfikún kan nípa imí, torí àwọn ará ilé máa ń béèrè: ìkookò Áfíríkà, tí DNA yà sọ́tọ̀ ní 2015 kúrò lára ajáko ti Yúróòpù àti Éṣíà, wà ní àríwá Nàìjíríà, imí ni ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù láti fi mọ̀ ọ́n. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún imí kọ̀ọ̀kan, torí ẹyin aràn inú rẹ̀ léwu fún èèyàn. Ẹ̀yìn imí ni kí ẹ ha, ibẹ̀ ni àwọ̀ ìfun ẹran náà lẹ̀ mọ́. Inú jẹ́ ti ohun tó jẹ. Ẹ rì í sínú ọtí 95%, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà, torí ọtí máa ń fọ báírò nù. Èyí tí oòrùn ti sọ di funfun tàbí tí òjò ti fọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Àjàó_Minnesota

Ẹ kú làálàá, gbogbo yín. Owó oṣooṣù á lọ sí bàálù. Baba_Eegun, ẹni tí kò rin igbó rí, ṣé Moosewatch lè gbà á?

Baba_Eegun

Wọ́n ń gbà á, bí ara bá le. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ láti ìgbà òtútù, àyè kì í pọ̀. Ẹ gbé 15 kg sẹ́yìn, ẹ rìn ín lórí òkè àti ilẹ̀ tútù ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra kí ẹ tó sanwó. Bàtà yín, ẹ wọ̀ ọ́ kó mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Kòkòrò á jẹ yín.