Ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n sinmi

Abẹ̀kẹ́: Ẹ gbà mí o. Láti àárọ̀ ni ìyá ọkọ mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ orin òwe sí mi. Ọkọ mi wà l'Ékòó, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láti Iléyá. Ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó ti tó oṣù méjì. Mo ra oògùn aràn ní kẹ́mísì lẹ́ẹ̀mejì, mo se àgbo, pàbó. Kí ni kí n ṣe fún obìnrin yìí?

Ìyá Ìbejì: Àtọ̀sí ajá ni. Kó má tọ̀ síbi tí ajá tọ̀ sí mọ́. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi rí, ṣe la ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti dọkùnrin. Ó lọ fúnra ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ajá kọ́ o. Ara ìṣáwùrú ni kòkòrò ẹ̀ ti ń bọ́ sínú odò, á gba awọ ara wọlé. Ẹyin ẹ̀ ló ń dá àpò ìtọ̀ lu. Oògùn aràn yẹn ò ràn án, oògùn tí wọ́n ń pè ní praziquantel ló ń pa á. Odò wo lẹ ń lò?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n mi ò lo nǹkan kan, ó ti bímọ mẹ́rin.

Àkànní: Oṣù méjì! Ẹ sì ń rojọ́ ìyá ọkọ. Ẹ lé ọmọ kúrò lódò.

Abẹ̀kẹ́: Bàbá, ẹ rọra. Etí dáàmù Ọ̀yán là ń gbé. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí i, Èkó ń mu ún, Abẹ́òkúta ń mu ún, àwa ò ní ẹ̀rọ. Ṣé ẹ máa bá mi gbẹ́ kànga ni? Wọ́n pín oògùn kan nílé ìwé lọ́dún tó kọjá, èmi ni mi ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ní ó ń sọ obìnrin dàgàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Obìnrin kẹ̀?

Abẹ̀kẹ́: Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún 11. Ìyá ọkọ mi gbọ́ "àtọ̀sí", ó ní ọkùnrin ti bá a sùn. Mo nà án ní Sátidé kó lè dárúkọ ẹni náà. Kò rí ẹnì kankan dárúkọ.

Ìyá Ìbejì: Háà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Odò tí ẹ rán an ló ti kó o. Àìsàn náà tí a ò bá tọ́jú ló lè bá ilé ọmọ jà, kì í ṣe oògùn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Ìtọ̀ ọ̀sán ni kí wọ́n yẹ̀ wò, aago 10 sí 2, ìgbà yẹn lẹyin ń pọ̀ níbẹ̀. Kó jẹun kó tó lo oògùn.

Abẹ̀kẹ́: Mo ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi ní òun máa tẹ̀ lé wa. Ṣé kí n jẹ́ kó wá?