Àbọ̀ ìròyìn: ẹ̀gbọ́n mi ti wọ òkun

Mo bèèrè níbí bí ẹ̀gbọ́n mi, tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú láti kékeré, ṣe lè ti Òṣogbo lọ fi snorkel (ọ̀pá tí a fi ń mí tí ojú bá wà nínú omi) wo ẹja ní Sharm el-Sheikh, ìlú etí Òkun Pupa ní Íjíbítì. A ti lọ, a ti dé. Ẹ ṣeun.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní ká fi etíkun oníyanrìn sílẹ̀, ká wá hòtẹ́ẹ̀lì tó ní afárá tó léfòó wọnú òkun. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sétí rẹ̀, wọ́n sọ ẹsẹ̀ sómi, ẹni tó ti wà nísàlẹ̀ dì wọ́n mú lábẹ́ abíyá. Ó parí. Iyọ̀ Òkun Pupa pọ̀, ó ń gbé èèyàn léfòó. Ẹ má fi aṣọ rọ́bà tó bo ẹsẹ̀ ṣeré o: ẹsẹ̀ tí kò lè yẹra, òkúta iyùn á bó o.

Fífi swimming pool dánra wò nílé ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fẹnu mí, àmọ́ pool kò ní ìgbì. (Ẹnìkan bi wá níbẹ̀ bóyá Yemọja la fẹ́ lọ kí.)

Ní ti bàálù, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ bàálù ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, kí wọ́n kọ WCHC, àmì kẹ̀kẹ́ arọ, sí tíkẹ́ẹ̀tì. Òun ni ti ẹni tí kò lè rìn rárá.

Ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ras Mohammed, ọgbà ìdáàbòbò òkun nítòsí Sharm, nìkan ló kù. Àkàbà ẹ̀yìn rẹ̀ ga, kò sẹ́ni tó lè gbé wọn padà sókè, la bá fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ tó ń gbéni wọmi, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí.