Ẹ jọ̀wọ́, kí ló yẹ ká ṣe sí ìkìlọ̀ ìdájọ́ tí a gbọ́?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Níbi ìsọjí ìjọ wa, wòlíì kan ní Ọlọ́run fi ìdájọ́ han òun lórí àdúgbò wa nítorí ìrẹ́jẹ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Àwọn kan ń gbààwẹ̀, àwọn mìíràn ń ra òróró àti àbẹ́là. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó àwọn ọmọ lọ sí abúlé.

Mo wá ka ìwé Jónà. Ọjọ́ 40 ni wọ́n fún ìlú Nínéfè kí ìparun tó dé. Wọ́n gbààwẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba wọn tún ní kí oníkálukú fi ìwà ipá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ló gún mi lọ́kàn. Èmi gan-an jẹ ọmọ tó ń bá mi tajà lówó oṣù méjì! Mo máa san án lọ́sẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: báwo lẹ ṣe ń dán irú ìkìlọ̀ báyìí wò láìkẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀? Ṣé ká sá bíi Lọ́ọ̀tì tó sá kúrò ní Sódómù ni, àbí ká dúró máa bẹ̀bẹ̀ bíi Ábúráhámù tó bẹ Ọlọ́run nítorí ìlú náà?