Kajú wa fẹ́ lọ sí Vietnam: kí ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa wọn kí a tó fọwọ́ sí ìwé?

Ọmọ Ìjùmú:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, okun o. Ìlú Ìyàrà ní ilẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogi, ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní agbègbè wa, kajú ni ó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti gbin igi náà, àwọn oníṣòwò tí ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Lọ́kọ́jà àti Èkó ni wọ́n ń dá iye lé ọjà wa. Bí a bá kọ̀, wọn a kọjá sí abúlé tí ó tẹ̀ lé tiwa. Ní oṣù tí ó kọjá, ọkùnrin kan tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní Vietnam ra kajú fi ìwé ránṣẹ́ sí wa pé kí a fọwọ́ sí àdéhùn kọ̀ǹténà kan kí oṣù Kejìlá tó parí, kí a sì kó ọjà sínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kejì. Iye tí ó dá dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà nínú ìwé náà, 48, tí kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú wa. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa Vietnam ni ogun tí wọ́n bá Amẹ́ríkà jà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa àṣà àti ọrọ̀-ajé irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ kí ó tó bá wọn dòwò pọ̀?

Ìyá Alájàpá, Kábà:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Orí 48 yẹn ni gbogbo owó yín wà. Wọ́n á wo ohun tí àpò kajú tí ó wọn kílò 80 yóò mú jáde bí a bá fọ́ ọ, wọ́n á ka ìwọ̀n ọmọ inú rẹ̀ tí ó dára nìkan, pọ́ùn ni wọ́n sì fi ń kà á, pọ́ùn ìwọ̀n o, kì í ṣe pọ́ùn owó. 48 túmọ̀ sí pé ọmọ inú tí yóò jáde gbọ́dọ̀ tó bíi kílò 22. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò yọ owó kúrò lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tí ó dín. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀ ju iye tí ìwé dárúkọ, wọ́n lè kọ ọjà náà pátápátá. Ojú ni ọlọ́kọ̀ akẹ́rù fi ń wo kajú níbí. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi ojú wò ó, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń là á.

Ẹ sá ọjà yín kí ó gbẹ dénú. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni yóò lò nínú irin lórí òkun, èyí tí kò gbẹ yóò làágùn, yóò sì bu. Ní ọdún kan, èmi àti àwọn ìyá mẹ́ta kó ọjà jọ fún ẹnìkan tí ó gbé e kọjá omi. A rò pé ìwọ̀n tí a wọ̀n ní Àpápá ni wọn yóò fi san owó, àṣé ìwé ti sọ pé ìwọ̀n èbúté tí ọjà gúnlẹ̀ sí ni. N kò ní sọ iye tí a pàdánù.

Arìnrìn-àjò Ìsánlú:

Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Ho Chi Minh fún ọdún méjì, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín ni mo kọ́kọ́ wò. Òṣùpá ni ó ń darí ọdún tuntun wọn, tí wọ́n ń pè ní Tết. Ní 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ti 2026 sì jẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kejì. Kí ọjọ́ náà tó pé ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń padà sí abúlé wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ a sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tún gbà pé kò dára kí gbèsè tẹ̀ lé ènìyàn wọ ọdún tuntun, nítorí náà owó kì í gbé lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní àkókò yẹn: yóò san gbèsè, yóò sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ọdún. Ẹ wá ronú sí i. Ní oṣù Kejì ni kajú tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jábọ́, kò tíì gbẹ. Ẹni tí ó ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Kejìlá kò tíì nílò ọjà yín nígbà náà; iye ni ó fẹ́ dè mọ́lẹ̀ kí ó tó mọ bí ọjà yóò ṣe rí.

Ní ti ìwà wọn, yóò yà yín lẹ́nu bí ó ṣe bá tiwa mu. Wọn kì í pe àgbà ní "ìwọ". Orúkọ ìbátan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kódà láàárín àjèjì: anh ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, chị ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, em sì ni àbúrò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń béèrè ọjọ́ orí àlejò ní kété tí ó bá jókòó. Inú máa ń bí òyìnbó sí ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó bí ọmọ Okun. Orúkọ ìdílé ni wọ́n ń kọ ṣáájú, orúkọ tí ó kẹ́yìn ni a sì fi ń pe ènìyàn. Bí ẹ bá pe Nguyễn, orúkọ ìdílé tí ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, nínú ọ́fíìsì kan, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dáhùn.

Ohun tí ó sábà máa ń ṣi àlejò lọ́nà ni "bẹ́ẹ̀ ni" wọn. Bí ó bá ń dáhùn pé vâng, vâng, ó ń sọ pé òun ń gbọ́ yín ni, bí ìgbà tí àgbà ilé wa bá ní "a ti gbọ́, ẹ máa lọ ilé". Ẹ kò jẹ́ pe ìyẹn ní ìpinnu.

Ọmọ Búnú:

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Yálà mo pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí n kò pè é, dọ́là ni dọ́là. Iye tí wọn yóò san àti ọ̀nà tí owó yóò gbà dé Ìyàrà ni ó yẹ kí a máa sọ.

Òṣìṣẹ́ Báńkì Tẹ́lẹ̀, Mọ̀pà:

Ọmọ Búnú, ọ̀rọ̀ rẹ kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ra kajú wa kò lè mọ ìgbà tí wọn yóò ṣíwọ́ rírà. Ìjọba ni ó ń darí gbogbo òwò ní Vietnam títí di 1986, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí wọ́n pè ní Đổi Mới. Ní 2007 wọ́n wọ àjọ ìṣòwò àgbáyé. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó ṣì ń ṣèjọba, síbẹ̀ ọjà wọn ṣí sílẹ̀ gan-an. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń fọ́ kajú débi pé igi tiwọn kò lè bọ́ wọn mọ́, ni wọ́n ṣe ń kó ọjà wá láti Cambodia, Côte d'Ivoire, Tanzania àti ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n sì ń ta ọmọ inú rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Àárín iye tí wọ́n fi ń ra kajú àti iye tí wọ́n fi ń ta ọmọ inú rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà dúró sí. Bí iye tí Amẹ́ríkà ń san bá já nígbà tí ọjà yín wà lórí omi, ẹ óò rí i pé àbùkù ara kajú yín yóò pọ̀ sí i lójijì. Ní 2018 tí iye kajú já wálẹ̀, àdéhùn púpọ̀ ni ó bàjẹ́ láàárín wọn àti àwọn olùtajà ní Áfíríkà. Kí n má purọ́, bí iye bá gòkè, àwa náà máa ń ta ọjà tí a ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn.

Nípa owó, ẹ béèrè fún lẹ́tà ìdúró báńkì (letter of credit), èyí tí báńkì olùrà yóò fi ṣe onígbọ̀wọ́. Ìlànà kejì ni pé kí ìwé ẹrù, èyí tí a fi ń gba ọjà ní èbúté, ti báńkì yín lọ sí ti olùrà, kí wọ́n má sì fún un bí kò bá tíì sanwó. Ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ihò. Ní 2022 àwọn olùtajà Vietnam fúnra wọn fi kajú ránṣẹ́ sí Ítálì ní ọ̀nà yìí, ìwé ẹrù ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà sì pòórá kí owó tó dé. Wàhálà ńlá ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó gba ẹrù náà padà.

Níhìn-ín, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tí ń rí sí ọjà tí a ń kó lọ sí òkèèrè, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, kí báńkì sì bá yín ṣe NXP, fọ́ọ̀mù ọjà tí ń lọ sí òkèèrè. Owó ọjà gbọ́dọ̀ wọlé padà láàárín ọjọ́ 180.

Ọmọ Ìjùmú:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ìdáhùn yín fún ẹgbẹ́ ní alẹ́ àná. A kò ní fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Kejìlá. A ó béèrè pé kí ìkẹ́rù bọ́ sí ẹ̀yìn Tết, kí a dá iye nígbà tí ọjà bá ti gbẹ, kí olùyẹ̀wò tí kì í ṣe tiwọn tí kì í sì í ṣe tiwa yẹ ọjà wò ní Àpápá. Bí ó bá kọ̀, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ṣì ń bọ̀. Ìyá, nígbà tí a bá ti ká kajú tuntun, ṣé ẹ lè bá wa fọ́ díẹ̀ wò? Ṣé kílò kan tó?

Ìyá Alájàpá, Kábà:

Kílò kan tó, bí o bá bù ú láti inú ọ̀pọ̀ àpò. Má ṣa èyí tí ó dára o. Mú un wá sí Kábà ní ọjọ́ ọjà, ìwọ̀n mi wà nílé.