Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kan ilẹ̀ Òkè Ọya rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló gbé mi wá síbí. Àwọn ọmọ kan ń gbẹ́ ṣókàwéè fún aládùúgbò wa ní Ọ̀bà-Ilé, mo bá dúró tì wọ́n bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù, mò ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ aṣọ, ó dúdú lókè, ó pọ́n bí epo nísàlẹ̀, tó bá tún wọlẹ̀ díẹ̀ sí i ó di òkúta tó ti jẹrà tó ń kọ mànà. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ ra yèpẹ̀ ni. Mi ò dá a lóhùn, ọkàn mi ti lọ sí Sókótó níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀.

Ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo kà nílé ìwé o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo mọ̀ ò ju Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó lọ. Bí mo ṣe dé Sókótó, ọ̀gá kan tó ń wo ilẹ̀ ìjẹko màlúù ní kí n máa tẹ̀ lé àwọn. Iṣẹ́ wa ò ju ká gbẹ́hò lọ, ihò tó jìn dé àyà mi, kí ògiri ẹ̀ kan gún régé kó kọjú sí oòrùn, ká wá fọ̀bẹ ha á kó mọ́. Èmi tí mo ti ń sọ fún màmá mi lórí fóònù pé aṣálẹ̀ ni wọ́n gbé mi wá, pé yanrìn ni gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni dígà ta padà lọ́wọ́ mi, gbàǹgàn, bí ẹni lu irin. Ojú ilẹ̀ yẹn le, ó ń dán, koríko kan ò hù lórí ẹ̀. Fako làwọn Hausa ń pè é. Ọ̀gá ní tí koríko bá ti tán nílẹ̀, ẹ̀kán òjò á máa gbá ilẹ̀ lójú, èyí tó kúnná nínú ẹ̀ á lọ dí ojú ihò wẹ́wẹ́ tómi ń gbà wọlé, tó bá wá gbẹ ó di èèpá, màlúù á tún fi pátákò kì í mọ́lẹ̀. A gbá páìpù gígé kan mọ́lẹ̀, a bu omi sí i, a ń wo aago. A mu fùrá tán, a sinmi, omi ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò wá. A gbé páìpù yẹn lọ sábẹ́ igi gawo kan tí kò jìnnà rárá, omi ti wọlé kí n tó dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Igi gawo yìí, ẹ lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń léwé, torí náà tí oòrùn bá mú, abẹ́ ẹ̀ ni màlúù ń wọ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ó sì rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ihò. Òkè, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, yanrìn ni lóòótọ́, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí, kò lọ́ràá tó ṣe é sọ. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló wá pọ́n. Mo bu díẹ̀, mo tutọ́ sí i (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, omi ti tán), mo pò ó, mo fi àtàǹpàkò tì í jáde láàárín ìka. Tòkè ti já kó tó gùn tó èékánná, tìsàlẹ̀ gùn tó ìka mi kó tó ṣẹ́. Amọ̀ ti rì lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ṣẹ́ ògúlùtu kan níbẹ̀, ó fún mi ní awò kékeré ní kí n wò ó, mo rí i tó ń dán bí ẹni fi òrí pa á lára, amọ̀ tómi gbé sọ̀kalẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a dé bíi mítà kan, kóró funfun funfun bí ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n kán ásíìdì sí i, ó hó ṣùùù bíi mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Ẹfun ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní calcium carbonate. Òjò Sókótó ò tó 800 mílímítà lọ́dún, kò lágbára àtifọ ẹfun jáde, ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ló ń gbé e kalẹ̀ sí. Tiwa l'Ákùúrẹ́ lé ní 1,200, ó ti fọ̀ ọ́ lọ tipẹ́, ẹ kán ásíìdì sílẹ̀ Ọ̀bà-Ilé títí di alẹ́, kò ní dún.

Ọ̀gá wá ní kí n dárúkọ ilẹ̀ yẹn bí ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ ṣe ń pè é. Mo pariwo Aridisol! Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ilẹ̀ tí omi kì í wà nínú ẹ̀ tó 90 ọjọ́ tẹ̀léra-tẹ̀léra lọ́dún ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń bá fínra. Tiwa yìí, Haplustalf ni. Ó ní ìrù ni kí n ti máa kà á: alf lorúkọ ìdílé, ìyẹn Alfisol, àwọn tí amọ̀ ti rì sísàlẹ̀ tí oúnjẹ ilẹ̀ ò sì tíì tán lára wọn, ust ní ó ń rí òjò àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ń pẹ́ lórí ẹ̀, hapl ní kò dá àrà kankan. Mo jókòó sétí ihò. Torí Alfisol yẹn náà ni wọ́n kọ́ wa pé ó pọ̀ nílẹ̀ Àkúrẹ́. Mo wọ mọ́tò láti ibí dé Sókótó lọ pàdé ọmọ bàbá kan náà.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ìyá Ìbejì Alágbàká:
Ẹ kú iṣẹ́ bùọ̀dá. Tèmi, Borno ni, a gbébẹ̀ kí wàhálà tó dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí èédú, firki ni wọ́n ń pè é, inú mi dùn pé mo ti rí ilẹ̀ ẹ̀fọ́, mo gbin tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ là! Kì í ṣe lílà tẹ́ ẹ mọ̀ o, sílípáàsì Táíwò bọ́ sínú ẹ̀, a figi wá a títí a ò rí i. Òjò dé, ó tún panu dé bí ẹni tí ò jẹ nǹkan kan, ó wá ń lẹ̀ mọ́ bàtà débi pé mo ga ju ọkọ mi lọ. Ògiri ilé tá a rẹ́ǹtì là láti wíńdò dé òkè, láńdílọ́ọ̀dù ní àwa la ò tọ́jú ilé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi pé ìgbà tí òjò bá fẹ́ tán ni wọ́n ń lọ́ ọkà bàbà kan tó ń jẹ́ masakwa síbẹ̀, omi tílẹ̀ ti mu pa mọ́ ló máa lò dé ìkórè. Tẹ̀tẹ̀ tèmi ti kú nígbà yẹn.

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Ìyá Ìbejì, sílípáàsì ti di ti Vertisol o, orúkọ tí ìwé ń pe firki yẹn nìyẹn. Amọ̀ inú ẹ̀ ló ń wú tó bá mumi, tó ń súnkì tó bá gbẹ. Ilẹ̀ yẹn máa ń ro ara ẹ̀ ni, tòkè á já sínú ihò, tìsàlẹ̀ á máa tì gòkè, ó lè jẹ́ pé sílípáàsì ti yọjú níbòmíì báyìí.

Bàbá Olóko Kòkó, Oǹdó:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kàn ń da òyìnbó bolẹ̀ ni. Haplu kí ni? Bàbá tèmi kì í gba ilẹ̀ kó tó fàdá gún un. Tí àdá bá wọlé dé èèkù tí kò kan ọ̀tà, ó ní kòkó á jẹ níbẹ̀. Àwọn Fúlàní tí ò ka ìwé yín, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí wọ́n á da màlúù sí?

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Bàbá, ẹ ṣeun. Àdá wọn yẹn náà ni dígà wa. Àwọn tọ̀hún lórúkọ tiwọn, jigawa ni ilẹ̀ yanrìn, fadama ni àkùrọ̀, fako lèyí tí mo sọ. Darandaran kan tó máa ń bá wa jókòó ní orí jigawa ni koríko ti ń kọ́kọ́ yọ tójò àkọ́kọ́ bá rọ̀. Mo rò pé ó ń parọ́ ni, nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé yanrìn kì í mú omi dúró. Ọ̀gá ní òótọ́ ni, pé níbi tójò ti kéré, omi díẹ̀ tó bá bọ́ sórí yanrìn á wọlé jìn kí oòrùn tó fà á, àmọ́ tó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀ ló bọ́ sí, òkè níbẹ̀ ló ń dúró sí, oòrùn á sì lá a. Òdìkejì tiwa pátápátá.

Tóbi wà l'Ámẹ́ríkà:
New Mexico ni mo wà, ibí gan-an ni Aridisol ń gbé. Mo bá ẹnì kan gbẹ́ ihò fẹ́ǹsì lórí ilẹ̀ ìjẹko ẹ̀, mo dé orúnkún mo kan nǹkan funfun tó le bíi kọnkéré, mo ní ta ló ti kọ́lé síbí rí. Caliche ni wọ́n ń pè é, ẹfun tí bùọ̀dá sọ yẹn náà ló dì pọ̀. Ẹni tó nilẹ̀ yẹn tún ní kí n má tẹ èèpá dúdú kan mọ́lẹ̀, pé ẹlẹ́mìí ni, mo rẹ́rìn-ín, ó wọ́n omi sí i, kò pẹ́ ó di àwọ̀ ewé lójú mi báyìí. Mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àǹtí Ìjàpọ̀:
Kí lèmi fẹ́ sọ. Nílé níbí ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Mo ra ilẹ̀ lọ́nà Ìta-Ògbólú torí ojú ẹ̀ dúdú minimini, mo gbin àgbàdo, ó dé orúnkún ló bá dúró, ó ń pọ́n. Ìgbà tówó ti wọlé tán ni mo gbẹ́ ẹ, kò tó sẹ̀ǹtímítà 20 tí mo ti kan yangí. Apá kejì ṣì wà tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó tún sọ owó nù.

Ọmọ Arákàlẹ̀:
Sátidé, aago méje, kí oòrùn tó mú. Màá gbé dígà wá. Àǹtí, ẹ gbé omi kẹ́ẹ̀gì kan dání, mi ò tutọ́ mọ́ o.

Ìyá Ìbejì Alágbàká:
Kẹ́ ẹ má sì wọ sílípáàsì lọ.